Sanra Kì í Ṣe Orúkọ Àrùn

"Ẹ mà ti sanra o!" Ìkíni ìdùnnú ni gbólóhùn yìí láàárín Yorùbá: ẹni tí wọ́n kí bẹ́ẹ̀ ti rí jẹ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nítorí náà, dókítà tó bá sọ pé aláìsàn sanra kò tíì dárúkọ àrùn kankan. "Sísanra jù" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìpele méjì ni ìmọ̀ ìṣègùn yà sọ́tọ̀, "jù" kan ṣoṣo kò sì lè ru méjèèjì.

Ìwọ̀n ìwúwo-sí-gíga ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe ìṣirò náà ní àwọn ọdún 1830. A ó fi gíga, ní mítà, sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó wá fi èsì rẹ̀ pín ìwúwo ní kìlógíráàmù. Àgbàlagbà tó ga ní mítà 1.60, tó sì wúwo tó kìlógíráàmù 80, yóò ní 31.25. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà kìíní sí 25, èkejì sí 30. "Ìwúwo tó kọjá ìwọ̀n" yẹ ìpele kìíní. "Àpọ̀jù ọ̀rá" ló yẹ èkejì, torí ọ̀rá tó ń wu ìlera léwu gan-an ni àrùn náà. "Jọ̀kọ̀tọ̀" dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ojú ló ń wọ̀n, kì í ṣe òṣùwọ̀n, ẹ̀sín sì lè wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kó wọ inú káàdì aláìsàn.

Ìṣirò yìí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń mú téèpù. "Àyíká ikùn" ló dára jù fún ohun tí téèpù ń wọ̀n, kì í ṣe "àyíká ìbàdí". Ìbàdí ni ìlẹ̀kẹ̀ ń jókòó sí, ó sì rẹlẹ̀ ju ibi tí téèpù ń gbà lọ, ìyẹn àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí.

Ìmọ̀ràn ló gba ìṣọ́ra jù lọ. Ìyọ̀ǹda ló ń ṣíwájú: "Ṣé ẹ fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìwúwo yín?" Ẹni tó *ní* àpọ̀jù ọ̀rá ni aláìsàn, bí ènìyàn ṣe ń ní ibà, a kì í fi àrùn sọ ọ́ lórúkọ. Bí dókítà bá ní "ẹ gbọ́dọ̀ rù", àìsàn àti ìyà ni etí Yorùbá yóò gbọ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ló ń rù hangogo. "Ẹ jẹ́ ká dín ìwúwo kù" ló tọ́, kí iye sì tẹ̀ lé e: ìdá 5 sí 10 nínú 100 lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Fún ẹni kìlógíráàmù 80 yẹn, kìlógíráàmù 4 sí 8 ni.