Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ògbufọ̀ àti Yíyan Kọ̀ǹpútà fún Eré

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ohun tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lé lórí. Bí òbí bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi kàwé, tí yóò sì tún fi ṣeré, ṣé dandan ni kí ó ra èyí tí gbogbo ayé ń rà, èyí tí Windows ń darí? Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà tí kò bá sí nínú agbo yẹn, àpótí lásán ni níbi eré. Kí a tó dá wọn láre tàbí kí a dá wọn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ṣe òṣùwọ̀n, kí a sì ti Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀.

Eré kan tí àwọn baba wa mọ̀ dunjú ni ayò. Ilé méjìlá ni ó ní, mẹ́fà níhà ìhín, mẹ́fà níhà ọ̀hún. Ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tí ó rí owó ná a ra ọpọ́n tí a fín ọnà sí lára. Ẹni tí kò ní ọpọ́n a gbẹ́ ihò sílẹ̀, a sì ta tirẹ̀ níbẹ̀. Ǹjẹ́ òfin eré yí padà nítorí pé orí ilẹ̀ ni a ti ta á? Rárá. Ọ̀ta ṣì ni ọ̀ta, òpè ṣì ni òpè. Eré ọ̀tọ̀, ohun tí a fi ń ṣe é ọ̀tọ̀. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam gbé ọmọ ìyá ayò, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní Awari, tí àwọn ará Gánà ń pè ní oware, sórí ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ 144. Wọ́n yẹ ipò 889,063,398,406 wò, wọ́n sì rí i pé bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí.

Èé ṣe tí gbogbo eré kò fi lè rìn bẹ́ẹ̀ láti orí ọpọ́n kan sí òmíràn? Ìdí ni pé orí ènìyàn ni òfin ayò wà, ṣùgbọ́n èdè agbo kan ni a fi ń kọ òfin eré kọ̀ǹpútà. Agbo mìíràn kò gbọ́ èdè náà àfi bí ó bá ní ògbufọ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lè dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi àmì sí ìwé àdéhùn tí ó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà. Kí ni ọba fi sílẹ̀? Ṣé àṣẹ lórí ìlú nìkan ni, tàbí ilẹ̀ àwọn ìdílé pẹ̀lú? Ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ńlá, ó sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jùlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dá Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, láre pé àdéhùn náà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí ó ni ín. Herbert Macaulay ni ó bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Nítorí náà, ìtumọ̀ kì í ṣe ohun kékeré: ó lè sọ onílé di àlejò, ó sì lè dá ilé padà fún onílé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ayé kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí ètò DOS ti Microsoft ń darí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe irú rẹ̀, agbo náà sì kún. Nígbà tí ó di 1995, Windows 95 dé, DirectX sì tẹ̀ lé e, èyí tí í ṣe àkójọ irinṣẹ́ fún àwọn tí ń kọ eré. Òǹtajà kì í pàtẹ síbi tí kò sí èrò. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ eré kó ọjà wọn sí. Síbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà NeXT, tí kò sí nínú agbo náà rárá, ni a ti kọ Doom, eré tí ó gbayé kan ní 1993. Èrò ni agbo ńlá fi ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n.

Ìtàn Apple tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti ìgbà tí Macintosh ti jáde ní 1984, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé-iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ irú ọpọlọ tí ó ń fi sínú rẹ̀: ní 1994, ní 2006 àti ní 2020. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ó yan ògbufọ̀ kí ètò àtijọ́ má baà yadi. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ a máa fẹ̀yìn tì. Ní 2019, ètò Catalina kọ gbogbo iṣẹ́ tí a kọ fún irú ìṣirò àtijọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ eré tí àwọn ènìyàn ti fi owó wọn rà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá ń ra Mac fún eré gbọdọ̀ rántí èyí.

Ní ti Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ni. Láti 1993 ni àwọn kan ti ń kọ ògbufọ̀ tí a ń pè ní Wine, kí iṣẹ́ Windows lè ṣeé lò níbẹ̀. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ Valve gbé Steam Machine jáde pẹ̀lú Linux, ṣùgbọ́n kò tà, nítorí pé eré tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ kò tó. Valve padà sídìí ògbufọ̀: ó mú Wine, ó fi kún un, ó sì pè é ní Proton ní 2018. Nígbà tí Steam Deck jáde ní 2022, ọ̀pọ̀ eré Windows ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Fortnite àti Valorant kò gbà. Àwọn aṣọ́nà tí a fi sí wọn láti mú àwọn oníjìbìtì kò fi ọkàn tán ògbufọ̀.

Kí ni èyí jẹ́ fún ará Èkó? Ẹni tí ó bá mọ Ìdúmọ̀tà àti Balógun mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú déédéé tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbà kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Ṣé kí á kó wọn dà sórí ààtàn ni? Linux lè sọ wọn di ohun èlò padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná kún un. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì lé ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ńlá tí ń jẹ iná kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú eré lásán wò mọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kì í jẹ iná púpọ̀ lè sàn fún ilé ju akọni tí jẹnẹrétọ̀ kò lè bọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ rajà kọ́kọ́ kọ orúkọ eré tí ó fẹ́ ṣe sílẹ̀, kí ó tó béèrè orúkọ ẹ̀rọ. Kí ó wádìí bóyá eré náà gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tàbí ògbufọ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ògbufọ̀, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó? Lẹ́yìn náà, kí ó wo iná tí ó ní àti oníṣẹ́ tí yóò tún un ṣe ní àdúgbò. Bí eré kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá jẹ́ èyí tí kò gba ògbufọ̀, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ: agbo ńlá ni kí ó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ariwo ọjà dẹ́rù bà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kù fún yín. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé a lè tú èdè ẹ̀rọ kan sí òmíràn yóò mọ̀ pẹ̀lú pé a lè kọ eré sínú èdè tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa ra ohun tí a bá tẹ́ síwájú rẹ̀ títí ayé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà méjì ni kì í ṣi ilé.