Efínrín Ẹ̀yìnkùlé àti Ehoro Bàbá Mi

Ní ọdún 1978, bàbá mi fi pákó àti wáyà kan ilé ehoro mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn. Ìjọba ti gbé Operation Feed the Nation dìde ní ọdún méjì ṣáájú, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ ń gbin nǹkan tàbí kó máa sin nǹkan. Ehoro ló wu bàbá mi: kì í pariwo, ewé yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún ló ń jẹ, oṣù kan péré ló sì fi ń lóyún.

Bíbí wọn rọrùn; ọ̀sẹ̀ kẹfà ló le. Bí a bá ti já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, ìgbẹ́ gbuuru á dé. Èyí tó ń fò kiri láàárọ̀ lè má rí ọjọ́ kejì. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò ní kí bàbá mi tú kápúsù ampicillin sínú omi wọn. Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ mọ́kànlá kú. Èmi ni mo ka òkú wọn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ehoro ní àpò ńlá kan nínú ìfun, pé kòkòrò àìfojúrí inú àpò yẹn ló ń bá a da koríko. Ó tilẹ̀ máa ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó ti ibẹ̀ wá, kí oore inú rẹ̀ má bàa ṣòfò. Bí ampicillin bá wọlé láti ẹnu, a pa kòkòrò rere, èyí tó burú a sì gba ilé.

Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó já efínrín ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, èyí tó máa ń fún wa mu bí inú bá ń run wá, ó fi há wáyà. Àwọn tó kù jẹ ẹ́, díẹ̀ sì yè. Ṣé efínrín ló gbà wọ́n? Mi ò lè búra, torí kò sí èyí tí a yà sọ́tọ̀ tí a ò fún.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti yẹ òróró olóòórùn inú efínrín wò, wọ́n sì bá thymol níbẹ̀, ohun tó ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ayé ti ń tọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1950, Stokstad àti Jukes, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, rí i pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ oògùn apakòkòrò Aureomycin ń mú òròmọdìẹ yára dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ṣe di oúnjẹ ẹran, tí kòkòrò tí oògùn kò ràn sì ń pọ̀ sí i. Sweden fòfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sóúnjẹ ẹran kó lè yára dàgbà ní 1986. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2006. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ehoro ní Yúróòpù wá kọjú sí òróró oregano àti thyme. Àbájáde wọn kò bára mu: níbì kan àwọn ọmọ ehoro sanra sí i, níbòmíràn kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ehoro lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tú kápúsù sómi wọn. Bí ẹ bá fẹ́ dán efínrín wò, ẹ pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì, kí ẹ fún apá kan, kí ẹ má fún èkejì. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá mi kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.