Okùn tí ẹja kì í rí: Báwo ni okùn ọ̀rá ṣe yí iṣẹ́ apẹja padà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ní Guet Ndar, àdúgbò apẹja nílùú Saint-Louis lórílẹ̀èdè Senegal, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ àti okùn pa ẹja lójú òkun. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń lò lónìí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í jẹrà. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dáyé.

Kí ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀?

Òwú ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò. Òwú máa ń mu omi, ó sì máa ń jẹrà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sá a sóòrùn lẹ́yìn iṣẹ́.

Ní Yúróòpù, wọ́n ń lọ́ irun ìrù ẹṣin pọ̀. Ní Murcia lórílẹ̀èdè Spain, inú kòkòrò tó ń ṣe ṣẹ́dà ni wọ́n ti ń fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀, kí ẹja má baà fura.

Báwo ni okùn ọ̀rá ṣe dé?

Lọ́jọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 1935, ikọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Wallace Carothers ń darí nílé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù. Carothers kú lọ́dún 1937, ọdún kan kí ilé iṣẹ́ náà tó kéde rẹ̀ fáráyé.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, párásúùtì àti okùn àwọn ológun ni wọ́n ń fi náílọ́ọ̀nù ṣe. Lẹ́yìn ogun ló tàn ká ọ̀dọ̀ àwọn apẹja.

Àmọ́ okùn náà ń yọ̀. Kókó tó máa ń dúró lórí òwú ń tú lórí rẹ̀. Apẹja wá ní láti lọ́ ọ yí ara rẹ̀ bíi ìgbà márùn-ún, kó sì fi omi tàbí itọ́ rin ín kó tó fà á le, torí ooru ìhara máa ń dín agbára okùn kù. Ohun kan náà ni ẹni tó ń so ìwọ̀ bíńtín láti pa ẹja nínú ihò yìnyín ní Finland ń ṣe.

Nígbà tí okùn di àwọ̀n

Ìwọ̀ kan, ẹja kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi okùn ọ̀rá hun àwọ̀n, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹja kì í rí àwọ̀n náà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Tó bá ya, àtúnṣe rẹ̀ nira, ọ̀pọ̀ sì ń jù ú sómi. Níwọ̀n ìgbà tí kì í jẹrà, á máa pa ẹja àti ìjàpá òkun lọ láìsí ẹni tó máa kó wọn.

Òfin ẹja pípa tí Senegal ṣe lọ́dún 1998 fi òfin de irú àwọ̀n yìí. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2010. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó, torí ẹni tó bá dá nìkan pa á tì, tí aládùúgbò rẹ̀ kò pa á tì, ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹja thiof, tí àwọn ará Senegal fẹ́ràn nínú ìrẹsì thieboudienne, ti di ọ̀wọ́n báyìí. Kì í ṣe àwọ̀n ọ̀rá nìkan ló fà á. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá náà ń kó ẹja.

Òfin náà kò kan okùn tí wọ́n so ìwọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ Guet Ndar ṣì ń kó yìnyín sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi okùn pa ẹja. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń rí ẹja ti jìnnà sílé ju ti àtijọ́ lọ.