Kẹ̀kẹ́ Tó Rù Wá, Tí Àwa Náà Wá Ń Rù

Nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ: kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn ọmọ wa ń gùn, tí a sì ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó kàn mí, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá já bọ́ láti ẹ̀yìn mọ́tò lójú A13, tí ó sì ṣe ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn léṣe, ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ni wọn yóò gbé onítọ̀hún wá. Ó tún kan gbogbo ìdílé wa tó wà ní Dagenham àti Barking, nítorí pé ní Dagenham Dock tiwa yìí ni ìtàn kẹ̀kẹ́ àti ìtàn mọ́tò ti pàdé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

KẸ̀KẸ́ NÍ ILẸ̀ WA

Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ará Coventry, gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí ó pè ní Rover. Táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dán an wò. Láti ara iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí ni kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ títí dòní ti jáde.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Raleigh ń bọ̀ láti Nottingham, BSA àti Hercules láti Birmingham. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wọn wá sí Èkó, àwọn ilé ìtajà ńláńlá bíi UAC àti John Holt sì ń tà wọ́n káàkiri. Akọ̀wé, olùkọ́, ajíhìnrere, àti wolé-wolé ló kọ́kọ́ ń gùn ún. Nígbà tí owó kòkó dé, àgbẹ̀ náà bọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ta kòkó dáadáa lọ́dún kan, páànù ni yóò fi bo ilé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni yóò sì rà tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sun ìta. Inú pálọ̀ ló ń sùn, wọn a nù ún, wọn a fi òróró sí ṣéènì rẹ̀. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ohun ìní ni: owó láísẹ́ńsì wà lórí rẹ̀, wọn a sì kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn lára láti fi hàn pé olówó rẹ̀ ti san ti ọdún náà.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lára kẹ̀kẹ́ fún ìdílé ni irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kárìà. Lórí kárìà ni ìyàwó ń jókòó sí, tí yóò kọ ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá kan. Ọmọ wà níwájú lórí irin àárín. Kárìà ló ń gbé iṣu, kẹ̀ǹgbẹ̀ ẹmu, garawa epo, àti adìyẹ ọjọ́ ọdún. Òun ló ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló sì ń gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí nígbà tí kò sí mọ́tò lábúlé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ni orí kárìà gbé dé ilé-ìwé. Nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ló ń ru ìdílé.

Ọjọ́ a máa wà tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ yóò di ẹrù. Bí ìrìn bá jìn, bí ẹni tó ń ti Ìlẹ́ṣà lọ sí Ìbàdàn, orí bọ̀lẹ̀kájà ni wọ́n ń gbé e sí. Irin abẹ́ mọ́tò náà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ yóò gun òkè, yóò dùbúlẹ̀ kẹ̀kẹ́ lé orí àpò ẹrù, yóò sì fi okùn dè é. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kì í wọlé jókòó títí yóò fi rí i dájú pé okùn náà le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwà àwọn àgbà yìí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ní 1974 sí 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údọjí. Ní 1975 kan náà, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Èkó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó ń gun Raleigh ra alùpùpù, ẹni tó ń gun alùpùpù ra mọ́tò. Nígbà tó yá, ọ̀kadà gba ìyókù ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ tí ń sùn ní pálọ̀ wá di ohun tí wọ́n gbé ti ògiri ẹ̀yìn ilé.

DAGENHAM DOCK

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí a ń gbé báyìí. Ní 1887 ni Samuel Williams ra ilẹ̀ àbàtà létí odò Thames, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di èbúté. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Dagenham Dock. Ní 1908 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ rélùwéè tó ń jẹ́ orúkọ náà. Láàárín 1921 àti 1935, London County Council kọ́ ilé tó tó 26,000 sí Becontree. Kò sí àdúgbò tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú tó tóbi tó o ní gbogbo ayé nígbà náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1929, Edsel Ford, ọmọ Henry Ford, fi ṣọ́bìrì kọ́kọ́ bu ilẹ̀ ibi tí wọn yóò kọ́ ilé iṣẹ́ Ford sí. Àbàtà ni ilẹ̀ náà, nítorí náà wọ́n ní láti gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó kọnkéré wọlé kí ilé má baà rì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1953, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti tó 40,000.

Báwo ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe ń dé ibi iṣẹ́? Àwọn kan wọ rélùwéè, àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ sì gun kẹ̀kẹ́ láti Becontree. Àwọn tí ń ṣe mọ́tò kò ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ń dínwó díẹ̀díẹ̀. Ní 1935, Ford tà mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Model Y ní 100 pọ́n-ùn. Lẹ́yìn ogun, tí owó iṣẹ́ gbéra, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lọ ṣe mọ́tò. Ní 1949, ìrìn tí àwọn ará Bírítéènì fi kẹ̀kẹ́ rìn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 máìlì. Ní 1973, kò ju bílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ lọ mọ́. Ní ogún ọdún ó lé díẹ̀, mọ́tò ti lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì, Dagenham sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe àwọn mọ́tò náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2002 ni mọ́tò odindi tó kẹ́yìn, Fiesta kan, jáde ní Dagenham. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kò kúrò ní Dagenham Dock. Ẹni tó bá mọ Chequers Lane àti Choats Road mọ̀ pé òbí kan kò lè tú ọmọ ọdún mẹ́jọ sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń gbé kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ lọ sí Eastbrookend, sí igbó Hainault, tàbí sí Epping. Kẹ̀kẹ́ tó ń ru ìdílé tẹ́lẹ̀ rí, ìdílé ló ń rù ú báyìí kó tó lè rí ilẹ̀ tẹ̀.

KÁRÌÀ Ẹ̀YÌN MỌ́TÒ

Ọ̀nà mẹ́ta ni à ń gbà gbé kẹ̀kẹ́. Èkíní ni orí mọ́tò, gẹ́gẹ́ bíi ti bọ̀lẹ̀kájà. Èkejì ni kárìà tí a ń fi bẹ́líìtì so mọ́ ìdérí bùútù. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń jókòó sórí bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń fa tírélà, tí wọ́n ń pè ní towbar. Lójú tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta yìí ló dára jù fún ìdílé. Gbígbé kẹ̀kẹ́ kílò 15 kọjá orí kì í ṣe eré. Ejìká àti ẹ̀yìn ló ń san gbèsè rẹ̀, àwa tí ń gbé aláìsàn sì mọ ìyà ẹ̀yìn dáadáa. Ti bọ́ọ̀lù irin kò ga ju orúnkún lọ.

Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀. Towbar kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ gbé lé e láti òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀ tàbí sínú ìwé mọ́tò. Ká ní kílò 75 ni. Kárìà fúnra rẹ̀ lè tó 20. Kẹ̀kẹ́ bàbá àti ti ìyá, 15 lọ́nà méjì, jẹ́ 30. Ti ọmọ méjì, 10 lọ́nà méjì, jẹ́ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70, ó wọlé. Bí bàbá bá wá lọ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó wọn kílò 25 dípò tirẹ̀, ó di 80, ó ti kọjá ààlà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ kan sínú bùútù nígbà náà. Kárìà pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wo méjèèjì, èyí tó bá kéré jù ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 1998, towbar rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìjọba ti fọwọ́ sí fún irú mọ́tò náà. Kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ bo nọ́ńbà ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ bo iná bíréèkì tàbí tráfíkétọ̀. Bí ó bá bò wọ́n, ẹ ní láti fi nọ́ńbà mìíràn àti iná mìíràn sẹ́yìn kárìà. Owó ìtanràn nọ́ńbà tó fara pamọ́ lè tó 1,000 pọ́n-ùn. Ẹ má kọ nọ́ńbà sára páálí. Ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ mú ìwé mọ́tò àti ìwé ìdánimọ̀ yín dání. Ìtanràn ṣì kéré o. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí kò rí iná bíréèkì yín, ó lè wọlé sí bùútù níbi tí àwọn ọmọ ti jókòó síwájú rẹ̀.

Nísinsìnyí ni mo padà sọ́dọ̀ ẹni tí kì í wọ bọ̀lẹ̀kájà títí yóò fi rí i pé okùn le. Kí ẹ tó gbéra, ẹ mi kẹ̀kẹ́ náà: bí ó bá ń mì tí mọ́tò kò mì, kò tíì le. Ẹ tú agbọ̀n, ìjókòó ọmọ, àti páǹpù kúrò lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí táyà sún mọ́ ẹnu èéfín mọ́tò, nítorí ooru rẹ̀ ń ba rọ́bà jẹ́. Lẹ́yìn máìlì díẹ̀, ẹ dúró níbi tó yẹ, kí ẹ tún un wò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́. Mìlímítà 50 ni bọ́ọ̀lù irin ní ilẹ̀ yìí àti káàkiri Yúróòpù. Kárìà kan lè tipa bẹ́ẹ̀ bá ọ̀pọ̀ mọ́tò mu, bí towbar wọn bá ti gba ìwọ̀n rẹ̀. Kò pọn dandan kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀ fún ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹgbẹ́ lè dá owó jọ ra kan tàbí méjì, kí a máa yá a lò. Nọ́ńbà ẹ̀yìn nìkan ni olúkúlùkù yóò ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá sì ń jáde lápapọ̀, kí àgbà méjì yí mọ́tò gbogbo ká wò kí a tó lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn bàbá wa fi kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ilé-ìwé, láti ibẹ̀ ni a sì ti rìn dé ìhín. Bí ó bá di dandan pé kí àwa náà gbé kẹ̀kẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa lè gùn ún lábẹ́ igi, ẹ jẹ́ ká gbé e bí ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ.