Eré Káàdì Tí A Jọ Ń Borí

Nínú eré káàdì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ẹnì kan ló ń borí. Bí ó bá parí, a ó po káàdì pọ̀, ohun gbogbo á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Eré mẹ́ta ló yí èyí padà. Lọ́dún 2008, Donald X. Vaccarino gbé Dominion jáde: káàdì 10 péré ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa ra òmíràn kún un. Lọ́dún kan náà ni Pandemic ti Matt Leacock dé, níbi tí gbogbo òṣèré ti jọ ń bá àjàkálẹ̀ àrùn jà. Bí wọ́n bá borí, gbogbo wọn ló borí. Lọ́dún 2011, Rob Daviau àti Chris Dupuis ṣe Risk Legacy: àpá tí a bá lẹ̀ mọ́ àwòrán ayé inú rẹ̀ kì í kúrò mọ́. Aeon's End Legacy, ti ọdún 2019, so ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Kí ló ń fa ènìyàn mọ́ irú eré yìí? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: agbára tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ, a sì nílò méjèèjì. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ó jọ ìtàn. Ohun tí a ṣe lánàá, a kò lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n a lè jọ gbé e.