Ìṣọ́ Ẹ̀fọn àti Ẹyẹ Ìgbẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìṣọ́ ẹ̀fọn àti ẹyẹ ni iṣẹ́ mímú ẹ̀fọn, ẹyẹ ìgbẹ́ àti àwọn ẹranko mìíràn láti yẹ̀ wọ́n wò, kí a lè mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ti wà láàárín wọn kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn àrùn tí iṣẹ́ yìí kàn jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ibà pọ́njú, dengue, Zika, chikungunya àti West Nile. Ibà tí gbogbo ilé mọ̀ kò sí lára wọn: ẹ̀fọn ni ó ń gbé òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ibà yẹn gan-an ni ó sì máa ń bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí orí bá ń fọ́, ibà ni a ó kà á sí, oògùn ibà ni a ó sì fún un. Nítorí náà, inú ẹ̀fọn, ọ̀bọ àti ẹyẹ ni a ti sábà máa ń rí ohun tí ilé ìwòsàn kò rí.

Èkó ni iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè wa. Ní ọdún 1925, Rockefeller Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ sí Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú, Henry Beeuwkes sì ni olórí rẹ̀. Ní àkókò yẹn, Hideyo Noguchi, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ti kéde pé bakitéríà kan ni ó ń fa àrùn náà. Àwọn ará Yábàá wá bakitéríà yìí títí, wọn kò rí i. Àwọn ẹranko tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gún lábẹ́rẹ́ kò sì ṣàìsàn, títí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ wá irú ọ̀bọ tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ìlú Kpeve ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí lára kú. Asibi fúnra rẹ̀ yè. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson wá fi hàn pé ẹ̀fọn Aedes aegypti lè gbé àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan dé ara òmíràn, àti pé bí a bá tilẹ̀ fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè kọjá nínú rẹ̀ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó ṣì ń pa ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni. Àrùn náà mú Stokes, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Noguchi wá sí Àkírà láti yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Òun náà kú ikú kan náà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, William Young tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D tí a ń lò títí di òní, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Asibi kò gba ẹ̀bùn kankan. Orúkọ fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rántí rẹ̀.

Pé ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà gba fáírọ́ọ̀sì yìí sára láìkú jẹ́ àmì pé òun àti àrùn náà ti jọ ń gbé tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé ní àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ròyìn ibà pọ́njú, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ti bá a jà rí. Àrùn náà ń lọ ń bọ̀ láìpariwo. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1934. Ní ọdún 1936, Rockefeller dá irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Entebbe ní ilẹ̀ Ùgáńdà. Àwọn ti Entebbe ni wọ́n rí West Nile nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan ní ọdún 1937. Àwọn náà ni wọ́n ń gbé ọ̀bọ sínú àgò sórí igi nínú igbó Zika kí ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́. Ní ọdún 1947, ara ọ̀kan nínú wọn gbóná, fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ni wọ́n bá lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Nàìjíríà. Nígbà tí àìsàn tí ń pọ́n ojú ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, F. N. MacNamara tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá rí àmì Zika lára ènìyàn mẹ́ta, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1954.

Ó yẹ kí a sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan yóò jókòó sínú igbó, yóò ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ìgò tín-ín-rín lọ́wọ́ kejì. Bí ẹ̀fọn bá bà lé e lẹ́sẹ̀, yóò dé e mọ́ inú ìgò kí ó tó jẹ ẹ́, yóò sì fi òwú dí ẹnu ìgò. Ẹlòmíràn yóò wà lórí àjà tí a kàn sí òkè igi, nítorí pé àwọn ẹ̀fọn kan wà tí òkè ni wọ́n fẹ́ràn, níbi tí ọ̀bọ ń sùn. A ó ya àwọn ẹ̀fọn náà sọ́tọ̀ ní irú kọ̀ọ̀kan, a ó lọ̀ wọ́n ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, a ó sì fi omi rẹ̀ gún ọmọ eku tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí ọmọ eku náà bá ṣàìsàn, a jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ tí ń dá àbùdá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ eku. Ní ti ẹyẹ, àwọ̀n olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń ta sáàárín òpó méjì. A ó fi ọwọ́ tú ẹyẹ kúrò nínú rẹ̀, a ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní iṣan rẹ̀, a ó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn ṣe ìjẹ fún ẹ̀fọn ni òpó iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ìwé tí ó dárúkọ wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Rockefeller padà wá, ó sì ran Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́ láti dá ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ottis Causey àti ìyàwó rẹ̀, Calista, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀fọn, eégbọn, asín, eku àti màlúù tí a ń kó wá láti Òkè Ọya wò. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá ka orúkọ àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ayé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ lónìí: Dugbẹ̀, tí a rí lára eégbọn màlúù, Mọ́kọ́lá, tí a rí lára asín, Sábó, Ṣàngó, Igbó-Ọrà, àti Jos pẹ̀lú Potiskum láti òkè lọ́hùn-ún. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, wọ́n rí dengue lára àwọn aláìsàn tí ara wọn gbóná. Ní ọdún 1969, chikungunya jà ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 1969 kan náà, ibà pọ́njú jà lórí òkè Jos, àwọn ará Ìbàdàn sì lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti ń kú. V. H. Lee àti D. L. Moore rí fáírọ́ọ̀sì náà lára Aedes luteocephalus, ẹ̀fọn tí ń yé ẹyin sínú ihò igi. Ní ọdún 1970, àrùn náà dé Okwoga ní ilẹ̀ Ìdọ̀mà. Èyí tí ó burú jù wáyé ní ọdún 1986, ní agbègbè Oju ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé: àwọn tí ó wádìí rẹ̀ fojú bù ú pé ó mú nǹkan bí 9,800 ènìyàn, ó sì pa nǹkan bí 5,600. Ẹ̀fọn igbó ni ó gbé ti Oju. Ní ọdún 1987, ó dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Aedes aegypti, ẹ̀fọn tí tanwíjí rẹ̀ ń dàgbà nínú ìkòkò omi ilé, ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti igbó dé inú ìlú, ọdún kan péré.

Ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà náà jìyà kí ó tó gbọ́n. Wọ́n dáwọ́ fífún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dúró ní ọdún 1960, nítorí pé irú èyí tí wọ́n ń lò ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ kan jẹ́. Ní ọdún 1965, àrùn náà jà ní Diourbel, àwọn ọmọdé tí kò gba abẹ́rẹ́ sì ni ó kọlù jù. Láti ọdún 1972 ni Institut Pasteur ti Dakar àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń lọ sí igbó Kédougou, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ní ìgbà òjò, yálà àrùn jà tàbí kò jà. Sùúrù yìí so èso tí ìrìn-àjò pàjáwìrì kò lè so. Wọ́n rí i pé dengue máa ń fara hàn nínú ẹ̀fọn igbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí yóò sì tún pòórá, láìsí àjàkálẹ̀ àrùn ní abúlé. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú lára akọ ẹ̀fọn. Akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀. Inú ẹyin ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ti lè gbà á. Ẹyin náà sì lè wà nínú ihò igi gbígbẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan títí òjò yóò fi rọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń la oṣù tí kò sí ẹ̀fọn kọjá ti di ohun tí a lè ṣàlàyé.

West Nile ni ó mú ẹyẹ wọ inú ìtàn yìí. Ọ̀bọ ni ibà pọ́njú ń gbé lára. Ẹyẹ ni ti West Nile, ẹ̀fọn Culex ni ó sì ń gbé e láti ara ẹyẹ kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ ènìyàn tàbí ẹṣin, ọ̀nà fáírọ́ọ̀sì náà di pípa níbẹ̀, nítorí pé kì í pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ẹ̀fọn mìíràn lè gbà á. Iṣẹ́ tí a ṣe ní Íjíbítì ní àwọn ọdún 1950, lára kannakánná, ológoṣẹ́ àti lékeléke, ni ó kọ́kọ́ fi èyí múlẹ̀. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, a ti rí fáírọ́ọ̀sì náà lára Culex, a sì ti rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti ẹyẹ. Djoudj, ní ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gà, wà lára omi tí ẹyẹ tí ó ti Yúróòpù bọ̀ kọ́kọ́ ń bà lé lẹ́yìn aṣálẹ̀ Sàhárà. Níbẹ̀ ni ẹyẹ àlejò àti ẹyẹ onílé ti ń pàdé ẹ̀fọn kan náà. Nígbà tí West Nile dé New York ní ọdún 1999, kannakánná tí ń kú káàkiri ìgboro wà lára ohun tí ó la ojú àwọn dókítà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹyẹ kì í sábà kú nípa rẹ̀, bí ọ̀bọ ilẹ̀ wa kì í ti í sábà kú nípa ibà pọ́njú. A kò lè dúró de òkú ẹyẹ kí ó kìlọ̀ fún wa. Àfi kí a gba ẹ̀jẹ̀ lára èyí tí ó wà láàyè.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a kò ti fìdí ibà pọ́njú múlẹ̀ lára ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, ó fara hàn lára ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwárà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Wọn kò tíì rí i nínú ẹ̀fọn kankan kí ó tó dé ara ọmọ náà. Dakar ni a gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ kí a tó lè fìdí àrùn náà múlẹ̀, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí àwọn ará Yábàá gba ẹ̀jẹ̀ Asibi.