Ọgọ́rùn-ún Pọ́n-ùn Lórí Ìdì Kan: Ìtàn Òfin Ẹrù Tó Bómi Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí bá òfin òkun mu gidigidi. Oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ rì sínú òkun lè má gba iye tí ẹrù náà tó. Òfin ti fi gbèdéke sí ohun tí ọlọ́kọ̀ yóò san, àfi bí oníṣòwò bá ti sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọlọ́kọ̀ ló ń san gbogbo ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi tí àdánù náà bá ti ọwọ́ Ọlọ́run tàbí ọ̀tá ọba wá. Ní nǹkan bí 1733, ẹjọ́ kan dá ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́kọ̀: ọ̀gá ọkọ̀ kan ló jí wúrà tó ń kó bọ̀ láti ilẹ̀ Potogí. Wọ́n ké gbàjarè lọ sí ilé aṣòfin. Òfin 1734 sì sọ pé bí ọ̀gá ọkọ̀ tàbí àwọn atukọ̀ bá jí ẹrù, gbèsè ọlọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ ju iye ọkọ̀ náà àti owó tó gbà fún ìrìn-àjò náà lọ. Èrò wọn ni pé bí ewu bá pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò náwó sórí ọkọ̀ mọ́.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́kọ̀ ti lágbára débi pé wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù pé àwọn kò ní san ohunkóhun, bí ẹ̀bi tilẹ̀ jẹ́ tiwọn. Amẹ́ríkà fi òfin Harter Act dènà èyí ní 1893. Ní 1924, wọ́n fọwọ́ sí Òfin Hague ní ìlú Brussels. Níbẹ̀ ni tọ̀tún-tòsì ti pàdé láàárín: ọlọ́kọ̀ kò lè fi àdéhùn sá fún ojúṣe ìtọ́jú ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò san kò ní ju 100 pọ́n-ùn lọ lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí oníṣòwò bá sọ iye ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù, gbèdéke yìí kò dè é.

Ìjọba amúnisìn mú òfin náà wọ Nàìjíríà ní 1926. 100 pọ́n-ùn kì í ṣe owó kékeré nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, 100 pọ́n-ùn inú òfin di 200 náírà. Agbára owó ń dínkù lọ́dọọdún. Iye tó wà nínú ìwé kò kúrò lójú kan.

Ìṣòro kejì tún yọjú. Ní 1956, Malcom McLean kó kọ̀ǹténà 58 sínú ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston. Bí páálí aṣọ 500 bá wà nínú kọ̀ǹténà kan, ṣé ìdì kan ni, tàbí 500? Àtúnṣe Visby ti 1968 dáhùn pé iye tí a bá kọ sínú ìwé ẹrù ni a ó kà.

Òfin Hamburg ti 1978 tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Nàìjíríà gbà á ní 1988, ó sì sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ ní 2005. Gbèdéke rẹ̀ ni 835 SDR lórí ìdì kan, tàbí 2.5 SDR lórí kílò kan, èyí tó bá pọ̀ jù. SDR ni ìwọ̀n owó Àjọ IMF, tí a ń fi owó orílẹ̀-èdè mélòó kan ṣírò, kí òfin má baà tún so mọ́ owó kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní àwọn páálí 500 náà wúwo tó kílò 10,000. Bí ìwé ẹrù bá sọ pé “kọ̀ǹténà kan”, gbèdéke jẹ́ 25,000 SDR. Bí ó bá sọ pé “páálí 500”, ó di 417,500 SDR. Òkun kan náà ló gbé ẹrù náà lọ. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ní èbúté ló yàtọ̀.